Ìjàkadì Tí Ó Dá Jacob Dùbúlẹ̀

                                                  Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                                  Natako,
                                                  Lọ́kọ́jà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹta, 1982.

Múyìwá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o, bí a ti ń kí ara wa nílé, ọmọ ìyá mi. Òkun fún ti iṣẹ́, òkun fún ti ọ̀gbẹlẹ̀, òkun fún ti ọmọ ọlọ́mọ tí a jọ ń tọ́. Àbẹ̀ní ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò láti ìgbà tó ti bímọ? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn? Kọ́lápọ̀ àti àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Ní ilé wa níbí, Morẹ́nikẹ́ wà dáadáa, Rónkẹ́ sì ti ń ka ìwé fún wa bí àlùfáà. Ooru Lọ́kọ́jà kò jẹ́ kí ènìyàn mí. Òkúta Òkè Patti ń yan wá bí ẹni yan àgbàdo. Ara wa le, a dúpẹ́. Ọkàn mi nìkan ni n kò lè sọ pé ó le.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kìn-ín-ní. O ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín ní Ìsánlú fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìjàkadì sílẹ̀, Kọ́lápọ̀ ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, Àbẹ̀ní sì ti yarí pé òun kò bímọ kí wọ́n máa gbé e lu ilẹ̀. O ní kí èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìjàkadì láti ọdún mẹ́fà sọ ire àti ibi tó wà níbẹ̀ fún ọ. Ká ní mo dá ọ lóhùn lọ́sẹ̀ yẹn, ojú ìwé kan ni ǹ bá kọ, ire nìkan ni ǹ bá sì kó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ dé tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ èsì yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo sì ti fà á ya. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

Ọmọ méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Èkíní ń jẹ́ Bámiṣayé, ọmọ àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ kan láti abúlé tó wà lókè lápá Agbájá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ebè kíkọ ti mú kí apá rẹ̀ le koránkorán, ìbínú rẹ̀ sì máa ń yára ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń sín bó ṣe ń fọ Ọ̀wọ́rọ̀ jẹ, òun a sì fi ẹ̀ṣẹ́ dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kan, ó lu eyín ọmọ kan yọ nídìí ẹ̀rọ omi nítorí pé ìyẹn gbé garawa ṣíwájú tirẹ̀. Ọ̀gá wa ti kọ ìwé tí wọn yóò fi lé e lọ tán. Èmi ni mo lọ bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní sáà kan péré.

Mo mú un lọ sórí iyanrìn odò. O mọ̀ pé bí omi Ọya bá ti fà ní ọ̀gbẹlẹ̀, iyanrìn funfun a yọ lẹ́bàá odò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Hausa ti máa ń ja gídígbò kí a tó bí àwa. Mo ṣe òfin fún un: kò gbọdọ̀ lu ènìyàn, kò gbọdọ̀ di ẹnikẹ́ni mú lọ́rùn, bí ẹni tó ń bá jà bá sì ti fi ọwọ́ lu ilẹ̀, tàbí tí ó bá gbọ́ fèrè mi, kíá ni kí ó tú u sílẹ̀. Odindi oṣù méjì, òun ló ń jẹ iyanrìn. Ọmọ apẹja kan tí kò ga tó èjìká rẹ̀ máa ń gbé e dá bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Bó bá ṣe ń bínú tó ni ó ṣe ń yára ṣubú tó. Ó pẹ́ kí ó tó yé e, ṣùgbọ́n nígbà tó yé e, Múyìwá, ọmọ náà yí padà lójú mi. Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ ní kíláàsì. Ó pa àwọn ọmọ gáréèjì tó ti ń bá mu sìgá tì. Ní kùtù hàì ni yóò ti sáré gun òkè, tí yóò sọ̀kalẹ̀, tí yóò wẹ̀, tí yóò sì dé kíláàsì ṣáájú olùkọ́. Òun tó máa ń gbá ìdí tẹ́lẹ̀ ṣe ipò kẹjọ.

Ọmọ kejì ni Jacob. Ará Ìyàrà ni bàbá rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ni níbí, Adankolo ni wọ́n sì ń gbé. Jacob tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń kólòlò. Bí a bá ní kí ó dìde kàwé, omijé a lé ròrò sójú rẹ̀. Òun nìkan ni kò fi ohùn Bámiṣayé ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá nítorí pé ó mọ bó ṣe ń dunni. Ìdí nìyẹn tí Bámiṣayé fi fà á lọ́wọ́ wá sórí iyanrìn. Mo rò pé yóò sá lọ́jọ́ kejì. Kò sá. Ó kọ́ bí a ti ń fi agbára alágbára dá alágbára fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dá ọmọ tó jù ú lọ, ó fò sókè, ó kígbe orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn létí, kò sì kólòlò rárá. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé orí sókè rìn. Mùsùlùmí ni ilé Bámiṣayé, akọrin ìjọ ni Jacob, síbẹ̀ wọ́n di bí ọmọ ìyá. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ni mo fi ń yangàn káàkiri ìlú.

Ìyá Jacob nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, “Tíṣà, ẹ̀yin ọkùnrin ń wo ẹni tó dá ènìyàn. Èmi ń wo ẹni tó wà nísàlẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, èmi wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, ọkùnrin kan wá láti Ìlọrin láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò jà fún ìpínlẹ̀ wa. Ẹnì kan péré ni yóò mú nínú àwọn tí ìwọ̀n wọn sún mọ́ ti Bámiṣayé, kò sì sí ẹni tó tó o bá jà àfi Jacob. Jacob fi kílò mẹ́rin fúyẹ́ jù ú lọ. Mo mọ̀. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni olùkọ́ wọn, èmi náà sì ni adájọ́ ìjà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti jókòó ti ọkùnrin Ìlọrin náà, mo ti sọ ìtàn Bámiṣayé fún un láti orí eyín tó yọ dé orí ipò kẹjọ. Mo fẹ́ kí ó mú un. Kí n má purọ́ fún ọ, mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ní Ìlọrin pé Olúṣínà ló sọ ọmọ yìí di ènìyàn.

Èrò pọ̀ lórí iyanrìn lọ́jọ́ náà. Àwọn apẹja ti fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ láti wòran. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Jacob yọ́ bọ́rọ́ kúrò lápá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹja, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó dá a. Ariwo sọ. Ní ìgbà kejì, Bámiṣayé gbé e látẹ̀yìn, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan tí yóò fi yanjú.

Ìgbà kẹta yìí, ẹ̀rín ti tán. Àwọn Hausa tó wà níbẹ̀ ń kígbe “Kada shi! Kada shi!” pé kí ẹnì kan gbé ẹnì kejì ṣubú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Jacob tún fẹ́ yọ́ sábẹ́, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, Bámiṣayé sì bò ó mọ́lẹ̀. Orí Jacob há sí i lábẹ́ abíyá, apá Bámiṣayé sì ká ọrùn ọmọ náà gírígírí. Òógùn àti iyanrìn ti bo ojú Bámiṣayé, ariwo ti dí i létí. N kò gbà pé ó mọ̀ pé ọrùn ni òun dì mú. Ṣùgbọ́n èmi rí i. Mo rí ọwọ́ Jacob náà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu iyanrìn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Fèrè wà lẹ́nu mi.

N kò fọn ọ́n.

Ọkùnrin Ìlọrin náà ti dìde lórí àga, ó ń mi orí, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Èrò tó wá sọ́kàn mi ni pé, jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Bámiṣayé fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé Jacob sókè tòun ti ọrùn tó dì mú, ó sì yí i po. Orí ni Jacob fi sọlẹ̀.

Bámiṣayé ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i kí ó fà á dìde. Jacob kò na ọwọ́ padà. Mo sáré kúnlẹ̀ tì í. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo ọ̀run. Ó ní, “Tíṣà, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.” Kò kólòlò.

Ọlọ́run ló jẹ́ kí àgbà apẹja kan wà níbẹ̀. Bí Bámiṣayé ṣe fẹ́ gbé e ni bàbá náà pariwo mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e dìde. Wọ́n tú pákó ìjókòó inú ọkọ̀ ojú omi, a rọra ti pákó náà bọ abẹ́ Jacob, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú láti etí odò títí dé ilé ìwòsàn, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbọ̀n ní gbogbo ọ̀nà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mo ń gbọ́ ohùn Bámiṣayé tó ń sáré tẹ̀ lé wa, tó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Dókítà ní egungun ọrùn rẹ̀ kò kán, ṣùgbọ́n okùn iṣan tó gba inú egungun náà kọjá ti fara gbọgbẹ́, ó sì ti wú. Ó ní bóyá yóò padà, bóyá kò ní padà, a kò lè ṣe ju kí a dúró lọ. Wọ́n fi àpò iyanrìn há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá rẹ̀ dé, kò pariwo. Ó kàn ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń béèrè pé, “Ṣé o gbọ́ ọ? Èyí ńkọ́, ṣé o gbọ́ ọ?” Jacob a ní, “Rárá, Màmá.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìròyìn ti gba ìlú kan pé ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ oníjà nì ti ṣẹ́ ọrùn ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n tún hú ọ̀rọ̀ eyín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde. Joseph, ẹ̀gbọ́n Jacob, tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Felele, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú igi, wọ́n ń wá Bámiṣayé ní gáréèjì. Awakọ̀ kan ló fi ọmọ náà pamọ́ sáàárín àpò gààrí tó fi gbé e sá lọ sí abúlé wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa pè mí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti tẹ ìròyìn kan sílẹ̀ pé adájọ́ fọn fèrè, Bámiṣayé kọtí ikún sí i, ó sì fi ìbínú gbé ẹnì kejì rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ó ní, “Olúṣínà, wọn yóò kúkú lé ọmọ náà bákan náà. Kò sí ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwọ yóò fi bá a lọ.” Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ronú kan Morẹ́nikẹ́ àti àwọn ọmọ. Mo fi ọwọ́ sí i.

Múyìwá, ìwọ tí o mọ̀ mí láti ìgbà tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo mọ bí ojú rẹ ṣe rí báyìí. Ṣáà máa kà á lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá Bámiṣayé wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àgbàlagbà tí kò ga ni, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí mi bí ẹni kí ọba, ojú sì tì mí. Ó ní, “Tíṣà, mi ò kàwé. Ọmọ mi ti ṣe oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi rí. Ó ní òun ò gbọ́ fèrè. Ó ní bí òun bá gbọ́ ọ, òun ì bá tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni fèrè. Ẹ sọ fún mi pé ẹ fọn ọ́n, kí n lè mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá wa.”

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Kò fọwọ́ kan ọkọ́ láti ọjọ́ tó ti délé. Ó ní ọwọ́ òun ti ba ọmọ ènìyàn jẹ́, òun kò ní fi í mú ohun tí ẹnikẹ́ni máa jẹ mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ jòjòló.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo délé, n kò lè jẹun. Morẹ́nikẹ́ bi mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìwé tí mo fọwọ́ sí. Kò bú mi. Ó wá ní, “Bàbá Rónkẹ́, ọmọ méjì ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, o ò lè gbé e dìde. Èkejì wà lábúlé, ìwọ nìkan lo lè gbé e dìde.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá àti ìyá Jacob wà níbẹ̀, Joseph sì dúró lẹ́bàá fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní n kò ní dìde àfi bí mo bá sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní mo rí apá lọ́rùn Jacob, mo rí i tó ń lu iyanrìn, fèrè wà lẹ́nu mi, n kò sì fọn ọ́n nítorí pé mo fẹ́ kí Bámiṣayé borí lójú àlejò. Mo ní irọ́ ni ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni ohùn ti wá.

“Mo m-mọ̀,” Jacob ní. Kíkólòlò náà ti padà dé. “Mo rí yín, Tíṣà. Ẹ̀yin ni mò ń wò nígbà tí mò ń lu ilẹ̀.”

Ọmọ náà mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun rò pé bóyá òun ni òun kò lu ilẹ̀ dáadáa.

Múyìwá, bí wọ́n bá lù mí lọ́jọ́ náà, ì bá sàn fún mi ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹnu. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tíṣà, ẹ wà lọ́jà.” Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Bàbá Jacob ní tirẹ̀ ní kí n dìde. Akọ̀wé ni, ohun tó béèrè kò ju pé, “Ṣé ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí?” Mo ní n ó kọ ọ́. Ó wá yíjú sí Joseph. “Ìwọ tí o mú igi lọ wá ọmọ ọlọ́mọ ní gáréèjì, ìwọ ni wàá lọ mú un wá. Tíṣà yóò bá ọ lọ.”

Mo kọ ìròyìn tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá wa. Ó kà á, ó bo ojú. Ó ní mo ti fi ọwọ́ ara mi fa ara mi lulẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ìjàkadì lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sókè bó ti yẹ.

Ní Sátidé, èmi àti Joseph wọ ọkọ̀ lọ sí òkè. Ó lọ jókòó síwájú, ó fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn. Bámiṣayé jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ itan rẹ̀. Nígbà tó rí Joseph, kò sá. Ó kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lù mí.” Joseph dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, “Dìde. Bàbá wa ló ní kí n wá mú ọ lọ bá Jacob.”

Mo sọ ọ́ fún Bámiṣayé lójú bàbá rẹ̀ pé n kò fọn fèrè. Ó gbójú sókè. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i ni?” Mo ní mo rí i. Ó bú sẹ́kún, ẹkún tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọmọ ọkùnrin, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ láti fi nu ojú. Bàbá rẹ̀ ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ ọ́ níwájú mi. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, n kò ní fi omi lọ̀ yín.” N kò bínú. Òùngbẹ gbẹ mí dé Lọ́kọ́jà.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí Jacob ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mira. Nọ́ọ̀sì tó rí i ló pariwo. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ sílé, ó sì ti ń rìn báyìí, bí ó bá di ògiri mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di bírò mú. Dókítà ní agbára ọwọ́ náà lè padà láàárín ọdún kan, ó sì lè má padà. Bámiṣayé bá wa padà sí Lọ́kọ́jà, wọn kò lé e mọ́, ó sì máa ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní òun kò ní jà mọ́ láé, n kò sì bá a jiyàn.

Nísinsìnyí, ohun tí o bi mí. Ṣé ìjàkadì dára fún ọ̀dọ́? Múyìwá, òun ló gba Bámiṣayé lọ́wọ́ àwọn ọmọ gáréèjì, n kò lè sẹ́ ẹ. Òun ló fún Jacob ní ohùn. Mo ti rí ọmọ Ígálà àti ọmọ Ẹ̀bìrà tí bàbá wọn kì í kí ara wọn, tí wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn ara wọn lẹ́yìn ìjà. Ó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ṣubú láì bínú, èyí tí ọ̀pọ̀ àwa àgbà kò mọ̀. Àwọn bàbá wa ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ kò mọ òwe. Ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan ni wọ́n fi ń ba ohun tí ìyá fi ọdún mẹ́rìndínlógún tọ́ jẹ́, ìyìn àwọn òǹwòran sì máa ń pa àgbà bí ọtí.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí Kọ́lápọ̀ má ṣe é. Kọ́kọ́ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò. Bí kò bá rọ̀, kọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ tó fúyẹ́ ko ẹni tó wúwo, bó ti wù kí ó gbóyà tó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, béèrè ẹni tí yóò máa dá ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń wá orúkọ tàbí ife ẹ̀yẹ nínú rẹ̀, mú ọmọ rẹ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá sì ní kí ìwọ ṣe é, rántí mi. Sì sọ fún Àbẹ̀ní pé mo ní kò ṣe ojo. Òun ni kí ó bá yín lọ wo ilẹ̀ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, n ó dúró níwájú àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá mi dúró, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ mi pátápátá. Mo mọ̀ pé o mọ ẹnì kan tàbí méjì níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bá mi bẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán òní ni mo yà sílé wọn ní Adankolo. Jacob fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà sí àgbàlá, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí ògiri tó lè dì mú. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ mi, ó sì pe Bámiṣayé láti ẹ̀yìnkùlé. “Wá di ọ̀rẹ́ rẹ mú fún mi.” Ọmọ náà dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá Jacob tún ní, “Ìwọ ni mò ń pè.” Ó wá, ó fi apá rẹ̀ gbá Jacob lẹ́yìn, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Jacob ń kólòlò, ó ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi nínà títí wọ́n fi dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n jókòó, n kò sì rò pé wọ́n jẹ mí ní ìjókòó.

Bá mi kí Àbẹ̀ní, kí o sì bá mi gbá ọmọ tuntun náà mọ́ra. Kí Màmá, sọ fún wọn pé òrí tí Morẹ́nikẹ́ ní kí wọ́n máa fi ra orúnkún ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa wá fún Àjíǹde. Kí Kọ́lápọ̀ dáadáa. Nígbà tí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, kí òun náà kà á.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,

                                                  Olúṣínà.